Bí Àdúgbò Kan ní Ilé-Ifẹ̀ Ṣe Lè Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tirẹ̀: Ìtọ́sọ́nà láti Ìbẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn wáyà ńlá tó ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, wàhálà sì bá báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù káàkiri Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àṣìṣe kan nínú ètò tó ń darí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Facebook gbé Facebook, Instagram àti WhatsApp lọ fún nǹkan bíi wákàtí 6 lágbàáyé. Oṣù mélòó kan ṣáájú ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, tí wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022.

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Sábó, tó fẹ́ fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, ọ̀kadà kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó rán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan kọjá, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, tàbí tí àwọn tó ni ín bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ọjà ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ọ́fíìsì tó máa lọ rojọ́ sí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pa WhatsApp rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí àdúgbò ní ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa, tí ohun tí a nílò jù wà lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé àwa fúnra wa la ṣe òfin rẹ̀, tó sì ń bá ayé yòókù sọ̀rọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Agbo ilé lè ṣe é. Ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà lè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dá íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1964, Paul Baran ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ní oríta kan tí gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ gbà, tó fi jẹ́ pé bí apá kan bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á wá ọ̀nà míì gbà. ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti inú rẹ̀ jáde, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Yúróòpù, fi ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ifẹ̀ níbí, láàárín àwọn ọdún 1990, OAU wà lára àwọn yunifásítì tó kọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì. Lónìí, àwọn ará Catalonia ní guifi.net, àwọn ará Jámánì ní Freifunk, àwọn ará abúlé Mankosi ní Gúúsù Áfíríkà sì ní Zenzeleni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi iná sólà gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ènìyàn kí ẹ tó wá ẹ̀rọ

Ènìyàn márùn-ún sí mẹ́jọ tó. Kí ọ̀kan mọ kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan jẹ́ oníṣẹ́ iná, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí wọ́n ti ń fi owó àjọ sí lọ́wọ́ tí kò já wọn kulẹ̀ rí. Kí àgbà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí àwọn onílé. Kí àwọn tó máa lò ó gan-an náà wà níbẹ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ìyálọ́jà, nítorí bí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ nìkan ló jókòó, ohun tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n máa kọ́, kì í ṣe ohun tí àdúgbò nílò.

Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ohun tí ẹ nílò sílẹ̀. Ṣé nóòtì àwọn olùkọ́ ni? Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́? Ohùn àwọn àgbà tó ń sọ ìtàn agbo ilé? Àlàyé nípa oògùn àti àìsàn fún ilé ìwòsàn kékeré? Ìwé yìí ló máa sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ máa rà, kì í ṣe ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

Ẹ má gun òrùlé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ ti lọ kí onílé. Kí ọ̀dọ́ àti àgbà jọ lọ, kí wọ́n sì sọ òótọ́ ibẹ̀: “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a fẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí òrùlé yín. Iná tó ń jẹ kò ju ti gílóòbù kékeré kan lọ. Bí a bá lu páànù níbì kan, àwa la máa dí i. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín á sì máa lò ó.” Bí bàbá bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ilé míì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìbínú gbà láàyè kì í pẹ́ lórí òrùlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: àpótí ìmọ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ronú nípa dátà rárá. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń ná owó dátà lé lórí jẹ́ ohun kan náà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ládùúgbò kan ń fà wá láti òkèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e wá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa jẹ́ sáfà yín, kí gbogbo ilé máa kà á lọ́dọ̀ yín.

Raspberry Pi 4 tàbí 5 máa ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Láptọ́ọ̀pù àlòkù náà dára, ó tilẹ̀ ní bátìrì tirẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó kú lójijì bí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ má ṣe kó gbogbo nǹkan sórí mẹ́mọ́rì káàdì, nítorí káàdì máa ń gbó kíákíá bí wọ́n bá ń kọ nǹkan sí i lemọ́lemọ́. Ẹ ra SSD, ibi ìpamọ́ tó lálòpẹ́ ju káàdì lọ, tí a ń fi wáyà USB so mọ́ ọn.

Kiwix ni ètò tó máa jẹ́ kí ẹ gbé odindi Wikipedia sílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lé ní gígábáìtì 100. Ti Yorùbá kéré débi pé fóònù lásán gbà á. Ẹ fi àṣẹ yìí gbé e sórí Raspberry Pi: sudo apt install kiwix-tools. Ẹ gbé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .zim wá láti ibi tí dátà ti pọ̀ tàbí tó ti dín owó, bóyá lóru, kí ẹ kó o sórí SSD, kí ẹ wá tẹ kiwix-serve --port=8080 pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà. Bí nọ́ńbà sáfà yín lórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, bá jẹ́ 192.168.1.10, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Wi-Fi yín á kọ 192.168.1.10:8080 síbi tó ti máa ń kọ orúkọ ìkànnì, Wikipedia á sì ṣí. Kò sí dátà kankan níbẹ̀.

Fún ilé-ìwé, ẹ fi Kolibri kún un, kí àwọn ọmọ lè máa wo ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Fún ìwé ẹgbẹ́ àti nóòtì olùkọ́, Nextcloud ló dára. Ohun kan ni kí ẹ yẹra fún: ẹ má kó ìwé ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n ṣì ń tà ní ọjà sórí rẹ̀. Nóòtì tí olùkọ́ yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì gbà kí ẹ lò, ni kí ẹ kó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí ti ń kú ní ìlú wa. Ká ní Raspberry Pi ń jẹ wáátì 5, tí ráútà àti àǹtẹ́nà jọ ń jẹ 10. Wáátì 15 fún wákàtí 24 jẹ́ wáátì-wákàtí 360. Bátìrì 12V, 100Ah máa ń gbé 1,200, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn 600. Nítorí náà bátìrì kan á gbé yín lọ́sàn-án lóru bí kò tilẹ̀ sí iná rárá. Pánẹ́lì sólà wáátì 200 ni mo máa rà, kì í ṣe 100, torí pé láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, kùrukùru òjò kì í jẹ́ kí oòrùn Ifẹ̀ ràn bó ṣe yẹ. Ẹ so Raspberry Pi mọ́ bátìrì tààrà pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 12V di 5V. Bí ẹ bá gba inú ínfátà, ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ lára iná náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: láti ilé dé ilé

Ráútà inú ilé kì í ju ilé méjì sí mẹ́ta lọ. Ògiri amọ̀ tó nípọn ń gba agbára rẹ̀, páànù sì ń dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé ọ̀nà jíjìn, àǹtẹ́nà ìta tó ń dojú kọ ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ rà, irú èyí tí Ubiquiti, MikroTik tàbí TP-Link ń ṣe. Òmíràn lè lọ tó kìlómítà mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fojú rí ibi tó ń lọ. Ẹ gun òkè ilé kìíní, kí ẹnì kan dúró lórí ilé kejì pẹ̀lú dígí tó ń kọ oòrùn padà. Bí ẹ ò bá rí dígí yẹn, àǹtẹ́nà náà ò ní rí i. Rírí nìkan ò sì tó: bí ilé méjì bá jìnnà sí ara wọn tó kìlómítà kan, ó yẹ kí àyè tó tó mítà 3 sí 4 ṣófo yí ojú ọ̀nà náà ká láàárín, láìsí orí igi tàbí ṣóńṣó òrùlé. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé máńgòrò lè dí i nígbà òjò. Ifẹ̀ ní òkè àti kòtò. Ilé tó wà lókè bíi ti Òkè-Ìtasẹ̀ á rí ibi tó pọ̀, ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ á nílò ilé kẹta tó máa bá a gba ọ̀rọ̀ kọjá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí méjì yòókù. LibreMesh, ètò inú ráútà tí wọ́n kọ́ lórí OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí a ń fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, á jẹ́ kí ráútà kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀: bí iná bá lọ nílé tó wà láàárín, ọ̀rọ̀ á gba ibòmíràn. Kí ẹ tó sanwó ráútà, ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ìwé OpenWrt lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ìpamọ́ (flash) rẹ̀ kéré sí mégábáìtì 16, tàbí tí ìrántí (RAM) rẹ̀ kéré sí 128, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Àrá Ifẹ̀ kì í ṣeré. Irin tí ẹ gbé àǹtẹ́nà sí gbọ́dọ̀ ní wáyà bàbà tó nípọn tó máa kó iná mànàmáná lọ sínú ilẹ̀, oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó sì ṣe é. Wáyà tó ń ti òrùlé bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìta, kó má ju mítà 100 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé lọ tún nǹkan ṣe bí òjò bá ti ṣú.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ lè jọ dá owó ra ọ̀kan ṣoṣo tó yára, kí ẹ so ó mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Ẹ ka àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò gbà kí a pín in fún aládùúgbò. Ọjọ́ tí ẹ bá sì pinnu láti máa ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ti dé: ẹ lọ bá NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn bá lọ, àpótí ìmọ̀ yín ò lọ. Ìyẹn ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe máa bá ara wa sọ̀rọ̀

Briar, áàpù tí a fi ń ránṣẹ́ síra wa, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android. Ó lè gba Wi-Fi tàbí Bluetooth lọ tààrà láti fóònù sí fóònù, kò sí sáfà kankan láàárín, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì wà á gba Tor, ọ̀nà tó ń fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pamọ́. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní in lórí fóònù wọn ṣáájú ohunkóhun. Matrix, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ míì, dára fún ẹgbẹ́ tó tóbi, ẹ sì lè gbé sáfà rẹ̀ kalẹ̀ fúnra yín.

Mastodon, tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2016, jọ Twitter (tó ti di X) lójú, ṣùgbọ́n kò ní olórí kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà ló wà, oníkálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìlànà kan tó ń jẹ́ ActivityPub, bí ẹni tó ń lo Gmail ṣe lè kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń lo ti yunifásítì rẹ̀. Bí sáfà kan bá bí yín nínú, ẹ lè kó lọ síbòmíràn: àwọn tó ń tẹ̀lé yín á bá yín lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti kọ ò ní tẹ̀lé yín. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí Mastodon kò ní ààbò lójú ẹni tó ń bójú tó sáfà. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí àwa náà máa fi kún un

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kàn ń gba nǹkan wọlé ò tíì tó. Ní ọdún 1938, wọ́n hú àwọn orí idẹ olókìkí jáde nílẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ọ̀kan lára wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Àwòrán tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn yà, àṣẹ tí wọ́n fi sí i kò gbà kí a fi pawó, Wikimedia Commons, ibi ìpamọ́ àwòrán tí Wikipedia ń lò, kì í sì í gba àwòrán tó ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Orí náà ti pẹ́ ju kí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà lórí rẹ̀. Àwòrán ló ní olówó. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí àwòrán ohun Ifẹ̀ wà níbi tí ọmọ ilé-ìwé kankan ò ti ní tọrọ àyè kó tó lò ó, àwa fúnra wa la máa yà á, tí a máa fi í sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà ní gbangba: Ọ̀pá Ọ̀rańmíyàn, ọjà, ilé àtijọ́ tó ń wó lọ. Àṣẹ CC BY-SA, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ Creative Commons, ni kí ẹ fi sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tilẹ̀ tà á, bó bá ti dárúkọ ẹni tó ṣe é, tó sì fi ohun tó bá kọ́ lé e lórí sílẹ̀ bákan náà. Àṣẹ yìí kò ṣeé gbà padà. Ìdí nìyẹn tí oríkì àti ìtàn agbo ilé fi yàtọ̀: ẹ ka àṣẹ náà sí olórí ẹbí létí ní Yorùbá tó yé e, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àjèjì lè fi í ta nǹkan, kí ẹ tó gbé e síta. Bí wọ́n bá ní ẹbí nìkan ni kó gbọ́ ọ, ẹ fi sórí àpótí àdúgbò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé, kó má jáde níbẹ̀. Ohun awo, ẹ má gbé kámẹ́rà sí i rárá. Bí a bá ní ohun àjùmọ̀ní, àwọn tó ni ín náà ló ń sọ bó ṣe máa rìn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ni OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí láti ọdún 2004. Kí wọ́n gba áàpù StreetComplete sórí fóònù, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin láti Ẹnuwá lọ sí Ìrẹ̀mọ, kí wọ́n máa kọ orúkọ òpópónà, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti kànga tí omi rẹ̀ ṣì wà. Ojú wọn ni kí wọ́n fi wò ó. Wọn ò gbọdọ̀ da orúkọ kọ láti orí Google Maps, òfin OpenStreetMap kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, áàpù Organic Maps á gbé máàpù yẹn sórí fóònù wọn, wọ́n á sì máa lò ó láìsí dátà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òfin, owó, àti ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà

Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ní ọdún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ènìyàn tó jọ ni omi oko, ibi ìpẹja àti igbó, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pẹ́ láìsí pé ìjọba tàbí olówó kan gbà á. Ó rí i pé wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, àwọn tó ń lò ó ló ń ṣe òfin rẹ̀, ìyà ń ti orí kékeré bẹ̀rẹ̀, ìjà sì ní ibi tí wọ́n ti ń parí rẹ̀ nítòsí. Ẹni tó bá ti wà nínú àáró tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí mọ gbogbo èyí, nítorí náà ẹ má lọ wá òfin láti òkèèrè.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ojú ewé kan. Iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, àti ohun tí ẹni tí kò lówó lè fi ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀. Ìwé owó tí ẹnikẹ́ni lè béèrè láti wò. Àkáǹtì tí ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Fún ẹni tó bá ń fa dátà gbogbo ènìyàn, ìkìlọ̀ nígbà àkọ́kọ́, dídín ìyára rẹ̀ kù nígbà kejì, ìpàdé nígbà kẹta. Òfin kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fò: ẹni tó ń bójú tó ráútà lè rí orúkọ ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń lọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ìgbà tó ń tún nǹkan ṣe lọ, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò ìsọfúnni láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù aládùúgbò yára ju ti ilé ẹjọ́ lọ.

Ohun tó ń pa irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí jù kì í ṣe àrá. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló máa ríṣẹ́ sí Èkó, tó máa lọ tòun ti ọ̀rọ̀ ìwọlé lórí. Nítorí náà, kí ènìyàn mẹ́ta mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sáfà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n lẹ àpòòwé náà pa, kó wà lọ́wọ́ àgbà tí gbogbo yín gbà fún. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá kúrò, ẹ yí i padà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má dá tún nǹkan ṣe: ẹni tó mọṣẹ́ á máa sọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ á máa wà lára ẹ̀rọ.

Èyí tó kù ni ẹ̀dà. Ẹ fi Syncthing, ètò tó ń da fáìlì kọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, da ohun tí kò sí níbòmíràn, ohùn àwọn àgbà, ìwé ẹgbẹ́, nóòtì olùkọ́, kọ sórí kọ̀ǹpútà kejì nílé míì. Lóṣooṣù, ẹ da á kọ sórí SSD kan tí kì í wà lára iná, kí ó máa gbé ní Iléṣà tàbí ìlú míì lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán, nítorí olè àti iná lè kárí àdúgbò kan. Wikipedia ò nílò èyí, ẹ lè tún un gbé wá. Kí ẹ tó dá SSD náà padà sí Iléṣà lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta lórí rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ sínú ìwé.